Ohun Tí Ọ̀nà Jẹ

Ọkọ̀ náà dá ara rẹ̀ dúró lórí òṣùwọ̀n Ìṣẹ́yìn. Kò ní awakọ̀. Òun ló gbé ara rẹ̀ láti Kìṣí, òun náà ló mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

"Ẹrù lé," ó wí.

Ìbíwùmí rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe ẹlẹ́rìí ẹrù. Ó ti gbọ́ "ẹrù dín" títí ó fi sú u. Ẹrù máa ń dín. Òjò á pa á, eku á wọ̀ ọ́, ọwọ́ ènìyàn náà á wọ̀ ọ́. Kò tíì gbọ́ "ẹrù lé" rí.

"Tún un sọ."

"Ẹrù lé. Ohun tó wà nínú mi pọ̀ ju ohun tí wọ́n wọ̀n fún mi ní Kìṣí. Ìwọ obìnrin, sọ ìdí rẹ̀."

Fáṣínà, ọkùnrin tó jókòó tì í, rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pè yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwọ obìnrin. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dà sí i lórí, wọn ò rántí kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀."

Ìbíwùmí kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbà irin tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbóná. Ẹlẹ́rìí kì í bọ́ ọ títí ẹrù yóò fi dé etí òkun. Ẹ̀gbà náà ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré. Tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá purọ́, á pọ́n.

"N kò mọ ìdí rẹ̀," ó wí.

Òtítọ́ ni. Ẹ̀gbà náà tutù.

"Mo ti gbọ́," ọkọ̀ náà wí. "Ẹnubodè Àgbádárìgì ni yóò bi ọ́. Ohun tí mo ti wọ̀n, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá yọ ọ́, olè ni."

Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Gíláàsì kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn. Òfin gbà kí ẹlẹ́rìí wo ẹrù láti ojú rẹ̀. Ìbíwùmí fi ọwọ́ bo oòrùn, ó wò.

Àwọn àpò àgbàdo tò bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Funfun ni gbogbo wọn, èdìdì pupa wà lẹ́nu wọn. Àpò kan wà lókè pátápátá tí kò funfun. Kékeré ni. Kò ní èdìdì. Aṣọ ni wọ́n fi so ó lẹ́nu, àdìrẹ, tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìbíwùmí mọ aṣọ náà. Ìró rẹ̀ tó gbó ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e láti fi nu ilẹ̀. Ó sì mọ ọwọ́ tó so ó. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń ki etí aṣọ bọ inú ìdè dípò kó ta á ní kókó.

Láoyè ni. Ọkọ rẹ̀.

Láoyè ń bá wọn di àgbàdo ní Kìṣí. Kí ọkọ̀ tó ń dá rìn tó dé, àgbàdo ló ń tà. Kò ta òṣùwọ̀n kan fún ènìyàn rí kó má fi èènì lé e. Tí oníbàárà bá ní kó má ṣèyọnu, á ní ọjà tí kò ní èènì dà bí ẹni tí wọn ò dágbére fún. Ó ti wọ̀n àgbàdo inú ọkọ̀ yìí tán. Wọ́n ti fi èdìdì sí i. Ìbíwùmí ti tẹ̀ka pé ó pé, ó sì ti lọ gbé báàgì rẹ̀. Nígbà náà ni ọkọ rẹ̀ fi èènì lé e.

"Kí lẹ rí?" Fáṣínà bi í.

Ó kúrò níbẹ̀ fún un. Fáṣínà wò, ó pẹ́ díẹ̀.

"Èmi ò rí ìyẹn ní Kìṣí," ó wí.

"O ò lè rí i. O ń jẹ iyán."

"Iyán yín ni wọ́n fi mú mi." Ó tún wò. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Èènì ni, àbí?"

Ìbíwùmí la ẹnu. Fáṣínà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ má sì sọ ẹni tó so ó. Tí ẹ bá sọ ọ́, mo ti mọ̀. Tí mo bá ti mọ̀, wọ́n lè bi mí."

Ó fi ẹ̀gbà tirẹ̀ hàn án.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé," ó wí. "Ìdúró yìí ń jẹun."

Wọ́n wọlé. Ọkọ̀ gbéra.

Ojú dígí kan wà níwájú wọn tí ìṣirò ń yí lórí rẹ̀. Ohun tí ọ̀nà jẹ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló wà nínú àdéhùn ìdánwò ọ̀nà yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á kó ọgọ́rùn-ún àpò àgbàdo láti ìlú oko kan tó jìnnà ní ilẹ̀ rẹ̀, á gbé e dé etí òkun ní Àgbádárìgì. Iná tí ọkọ̀ lò, wákàtí tó fi dúró, èyí tó bàjẹ́, èyí tí wọ́n fi tọrẹ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sọ di àpò. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ọgọ́rùn-ún.

Gánà ti dé. Mẹ́sàn-án ni ọ̀nà wọn jẹ. Tógò jẹ mọ́kànlá. Abijáànì jẹ mẹ́rìndínlógún. Ti Nàìjíríà wà lójú ọ̀nà, ó ti jẹ mẹ́wàá. Ti Kùtọnu náà wà lójú ọ̀nà.

"Nígbà ayé bàbá mi," Fáṣínà wí, "owó ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò yìí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń kọ tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́ jù ló máa ń kọ èyí tó dára jù."

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di àgbàdo."

"Àgbàdo ò lè purọ́."

"Kò lè sọ̀rọ̀ náà," Ìbíwùmí wí.

Ará Kétu ni Fáṣínà, ní ilẹ̀ Kùtọnu. Ìdí tó fi wà nínú ọkọ̀ náà nìyẹn. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń dá ẹrù ara rẹ̀ ṣọ́. Ẹnìkan láti ilẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ìbíwùmí fẹ́ràn rẹ̀. Ó tún ń bẹ̀rù rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà rẹ̀ bá jẹun jù, wọ́n á ti ọ̀nà náà pa. Wọ́n ní ohun tí ọ̀nà ń jẹ, ènìyàn ló yẹ kó jẹ ẹ́. Ẹrù tí wọ́n bá sì rí ayédèrú nínú rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ọ̀nà jẹ gbogbo rẹ̀. Bí Nàìjíríà bá wà nísàlẹ̀, Kétu bọ́. Fáṣínà kò ní láti ṣe nǹkan kan. Kó ṣáà la ẹnu.

Lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, wọ́n kan oríta Aráromi. Wọ́n ti ti ọ̀nà Aráromi láti ìdánwò èṣí. Òpó irin funfun kan dábùú ẹnu rẹ̀. Koríko ti bo ọ̀dà. Àwọn ènìyàn dúró lẹ́yìn òpó náà, wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò juwọ́. Ọkọ̀ dẹ eré nítorí wọn.

Ọkùnrin kan bẹ́ òpó kọjá, ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfìfo.

"Ẹ bá wa béèrè abẹ́rẹ́ ejò," ó wí. "Ẹyọ kan péré. Ẹ ní Aráromi ni."

Ìbíwùmí wo ojú dígí. "Ọkọ̀, ṣé abẹ́rẹ́ ejò wà fún Aráromi?"

"Aráromi kò sí," ọkọ̀ náà wí.

"Àwọn ènìyàn ibẹ̀ nìyí. Mò ń wò wọ́n."

"Aráromi kò sí. Ìdúró yóò jẹ àpò kan. Ṣé kí n dúró?"

Ìbíwùmí wo mẹ́wàá tó wà lórí ìṣirò. Ọkùnrin náà sáré díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó ń rìn. Nígbà tó tún yá, wọn ò rí i mọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," Fáṣínà wí.

Wọ́n kọjá Abẹ́òkúta.

Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá Láoyè jà. Oṣooṣù ni ọkọ̀ ń gbé oògùn rẹ̀ wá láti etí òkun nínú kúlà, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ìbíwùmí ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kúlà náà pẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi, kò mọ ẹni tó ń pè é. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà Kìṣí, ẹnìkan á béèrè oògùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á sì ní Kìṣí kò sí.

Ó mọ ohun tí ẹnubodè máa béèrè. Gbogbo ẹlẹ́rìí ló mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà fún ẹrù tó bá lé. Àwọn orílẹ̀-èdè jà lórí rẹ̀ títí, kò sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n bi òun ní púpọ̀, mẹ́ta ni wọ́n sì fẹnu kò sí. Ẹnubodè kò lè béèrè ìkẹrin. Ta ló fi kún un? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ńkọ́, kí ló rí? Ṣé láti fi bo àdánù ni?

Ẹni tó bá fi kún ẹrù, orúkọ rẹ̀ á kúrò lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ kan ò ní gbé e mọ́, wọn ò sì ní gbé nǹkan fún un. Bí ó bá jẹ́ láti fi bo àdánù ni, ayédèrú nìyẹn. Ìlú rẹ̀ á bá a lọ.

Kí ó dárúkọ Láoyè, kúlà ò ní dé mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n á bi Láoyè náà. Ó sì mọ ohun tí ọkọ òun á sọ, nítorí kì í purọ́. Á ní òun mọ̀ pé ẹrù máa ń dín lọ́nà, òun ò fẹ́ kó dín mọ́ ìyàwó òun lọ́wọ́. Á sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Kìṣí á tì.

Kí ó dákẹ́, wọ́n á kà á sí ayédèrú náà.

Ó gbìyànjú ọ̀nà kẹta lábẹ́ ahọ́n. Èmi ni. Kò tíì sọ ọ́ síta. Ẹ̀gbà náà gbóná débi pé ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Fáṣínà rí i. Ó yíjú sí fèrèsé.

"Tí wọ́n bá pe ẹrù yín ní ayédèrú," ó wí, kò wò ó, "tiwa ò ní wà nísàlẹ̀. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Òjò ti ká tiwa mọ́ Pobẹ̀. Wọ́n ní ó ti jẹ mẹ́tàlá."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ, àbúrò?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n."

Ní Ìláròó, ọkọ̀ náà yà sí abẹ́ igi kan.

"Àgbàdo ń gbóná," ó wí. "Mo fẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹlẹ́rìí méjèèjì, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ wò ó."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí òfin gbà kí wọ́n ṣí ẹrù lójú ọ̀nà nìyẹn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ooru jáde, pẹ̀lú òórùn àgbàdo. Ìbíwùmí gun ọkọ̀. Báàgì rẹ̀ wà léjìká rẹ̀. Fáṣínà dúró nílẹ̀, ó ń wò ó, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Àpò kékeré náà wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Ó lè gbé e. Ó lè jù ú sínú igbó. Ó gbé ọwọ́ lé e.

"Ìwọ obìnrin," ọkọ̀ náà wí, "ohun tí mo ti wọ̀n, mo ti wọ̀n ọ́n."

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Òógùn ń bọ́ sí i lójú. Ó dúró níbẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó tú báàgì rẹ̀. Ó mú gàrí tó fẹ́ jẹ ní etí òkun jáde, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ẹ̀pà. Ó gbé e lé orí àpò ọkọ rẹ̀. Ó gbé e síbẹ̀ dáadáa, kó má ṣubú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Fáṣínà wí, "kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń fi kún ẹrù."

Fáṣínà sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó wo gàrí náà. Ó wo ojú rẹ̀. Ó gbé ojú sílẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n á bi mí," ó wí.

"Ohun tí o bá rí ni kí o sọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

Ìbíwùmí sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún àgbà rẹ̀ ń dùn ún. Ó di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú.

"Èmi ò lè kọ́ ọ ní èyí tí wàá sọ," ó wí.

Ilẹ̀kùn tì.

Gbàgede ẹnubodè Àgbádárìgì fẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Òkun wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń gbọ́ ọ. Kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ẹnubodè mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà, ó sì ń rí ẹsẹ̀ tí oníkálùkù gbé. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ti bọ́ bàtà. Ẹlẹ́rìí Abijáànì ni. Ó ti jókòó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ mẹ́rìndínlógún rẹ̀ sókè. Kò sí ẹni tó kí i, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí irú rẹ̀.

Ọkọ̀ gun òṣùwọ̀n. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí kí ẹnubodè lè rí ẹrù. Ìbíwùmí àti Fáṣínà dúró sórí ilà tí wọ́n fà fún ẹlẹ́rìí. Wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ohùn ẹnubodè tutù, ohùn obìnrin ni.

"Nàìjíríà. Ọ̀nà jẹ mẹ́tàlá. Ẹrù lé. Ìbíwùmí Àjàdí, ta ló fi kún un?"

Ẹ̀gbà náà ti gbóná kó tó la ẹnu. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín irọ́ àti ẹ̀rù. Àwọn olóòótọ́ kan ti bá a lọ. Ó mí sínú. Ó rántí bí gàrí náà ṣe wúwo lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ló rántí.

"Mo fi kún un," ó wí.

Kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ òkun.

"Mo ti gbọ́," ẹnubodè wí. "Fáṣínà Ọ̀jẹ̀lékè, kí ni o rí?"

Fáṣínà gbé ojú sókè. Ìbíwùmí rò pé ó ti tán fún òun. Ọkùnrin náà ń wo àpò kékeré tó wà lókè, tó ń fi àdìrẹ rẹ̀ han gbogbo ayé.

"Mo rí obìnrin yìí," ó wí, "tó gbé gàrí sórí ẹrù ní Ìláròó. N kò rí ẹlòmíràn tó gbé nǹkan síbẹ̀."

"Mo ti gbọ́. Ìbíwùmí Àjàdí, ṣé láti fi bo àdánù ni o ṣe fi kún un?"

"Rárá."

Ìyẹn ni ìkẹta. Ìbéèrè ẹnubodè ti tán.

"Kò sí ayédèrú," ó wí. "Nàìjíríà, mẹ́tàlá. Ọ̀nà Kìṣí ṣí. Ìbíwùmí Àjàdí, orúkọ rẹ kúrò lójú ọ̀nà láti ìsinsìnyí lọ."

Ẹ̀gbà já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó dún. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí ibi tí omi gbígbóná jó.

Wọ́n já ẹrù. Apá irin gbé àwọn kúlà wọ inú ọkọ̀ náà fún ìpadàbọ̀, ó ń pe orúkọ wọn bó ṣe ń gbé wọn. "Láoyè Àjàdí, Kìṣí," ó wí, ó gbé e wọlé, ó mú òmíràn. Ìbíwùmí dúró títí ilẹ̀kùn fi tì.

"Ọkọ̀," ó wí, "bá mi kí i."

Ọkọ̀ náà kò dáhùn. Kò gbọ́ ọ. Ó yí orí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tóbẹ́ẹ̀ tó fi ní láti fò sẹ́yìn, ó sì jáde lọ. Tí Ìbíwùmí bá fẹ́ rí Kìṣí mọ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín. Orúnkún rẹ̀ kò lè ṣe é, ó sì mọ̀.

Ó lọ jókòó lẹ́bàá ògiri. Fáṣínà tẹ̀lé e. Kò jókòó.

"O ṣeun," Ìbíwùmí wí.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"O lè pa wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dúpẹ́." Ó ń wo ẹnu ọ̀nà gbàgede. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń di àgbàdo ní Kétu? Ìyá mi ni. Òun ni aṣáájú wọn."

Ìbíwùmí wò ó.

"Láti Ìṣẹ́yìn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀," ó wí. "Bí mo ṣe rí àpò yẹn, ìyá mi ni mo rí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè wọ̀n nǹkan níwájú màmá mi kó má fi lé e. Ó ń fi èènì lé omi pàápàá. Èmi ò gbà yín là. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹni tó ń ṣọ́ tiwa ṣe bí mo ti ṣe."

"Ta ló ń ṣọ́ tiyín?"

"Ọmọbìnrin yín kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ọkọ̀ Kùtọnu wọlé. Ẹrẹ̀ bo taya rẹ̀. Ó gun òṣùwọ̀n, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, ẹlẹ́rìí Kétu, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ọmọbìnrin kan tẹ̀lé e. Wọ́n lọ dúró sórí ilà.

"Kùtọnu," ẹnubodè wí. "Ọ̀nà jẹ mẹ́rìnlá. Ẹrù lé."

Fáṣínà fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò lè lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá sún mọ́ òṣùwọ̀n, gbogbo gbàgede á hó.

Ìbíwùmí dìde. Ó fi ọwọ́ ti ògiri kó tó lè dìde. Ó rìn lórí sìmẹ́ńtì náà, jẹ́jẹ́, ó ń dúró de igbe. Igbe kankan kò dún. Ó kọjá ilà àkọ́kọ́. Ó kọjá èkejì. Ẹnubodè kò dá a dúró, nítorí kò sí orúkọ tó lè fi dá a dúró. Ẹ̀rù bà á ju ti ìṣáájú lọ. Ó dà bíi pé ó ti kú, tó sì ń wo ilé.

Ọmọbìnrin náà ń wò ó. Ojú rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù.

"Ìyá," ó wí wẹ́lẹ́, "wọn ò fẹ́ kí ẹ wá síbí."

"Wọn ò rí mi, ọmọ mi. Ìwọ ṣáà máa wò mí."

Ó dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Lókè, lórí àwọn àpò funfun, apẹ̀rẹ̀ kékeré kan wà tí wọ́n fi ewé bò lẹ́nu. Ó tú gèlè orí rẹ̀. Ó jù ú sókè. Gèlè náà bọ́ sórí apẹ̀rẹ̀, ó bò ó. Òun náà ti fi kún ẹrù Kùtọnu.

"Ta ló fi kún un?" ẹnubodè bi bàbá náà.

Bàbá náà wo gèlè. Ó wo obìnrin arúgbó tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú irun funfun lórí, tí òṣùwọ̀n ò mọ̀ pé ó wà.

"Ìyá yìí ni," ó wí. Ó nawọ́ sí i. "Ojú mi ló ṣe."

"N kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ẹnubodè wí. "Ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kí ni o rí?"

Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ tó wọ ẹ̀gbà sókè, kí gbogbo wọn lè rí i.

"Mo rí ìyá yẹn," ó wí. "Ó wà níbẹ̀. Mo rí i tó fi kún un."

Ẹ̀gbà náà kò pọ́n, ẹnubodè kò sì ní orúkọ tí ó lè yọ kúrò lójú ọ̀nà.